Kí Ẹ̀dà Kejì Tó Kú

Láti Ìsàlẹ̀ Gángan, ẹni tó mọ kọ̀rọ̀ Èkó lè fẹsẹ̀ rìn dé Ìgà Ìdúńgánràn, kó gba Ìdúmọ̀tà bọ́ sí Bróòdù Sítíríìtì, kó kan Mẹ́rínà, kó sì yí gba Ìgbòṣeré padà kí oòrùn tó wọ̀. Orí ilẹ̀ kékeré yìí ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú ìwé tí a fi ń mọ ohun tí Èkó jẹ́: àdéhùn tí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn onílé lẹ́yìn náà, lẹ́jà Bank of British West Africa tó ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1894, àìmọye ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àti ìwé ìròyìn lóríṣiríṣi. Orí ilẹ̀ yìí kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ti jóná, tí ikán ti jẹ òmíràn, tí ọ̀rinrin sì ti mú kí àwọn yòókù lẹ̀ pọ̀ bí àkàrà tó rin gbindin. Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé a kì í ṣe ẹ̀dà, pé a kò mọyì ìwé. Àlàyé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èkó ṣe ẹ̀dà, ó tilẹ̀ ṣe é lọ́pọ̀ yanturu nígbà mìíràn. Ohun tó ń pa àkọsílẹ̀ ni àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí ẹ̀dà kan bàjẹ́ àti ìgbà tí ẹnì kan fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pàápàá bí gbogbo ẹ̀dà bá ń sùn sábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà láìka àlàfo yìí mọ́ ọn ń tan ara rẹ̀ ni.

Mo fẹ́ gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà wọ inú ìtàn yìí, nítorí pé àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti fi ìṣirò sí ohun tí àwọn akọ̀wé àtijọ́ kàn ń fi ojú inú mọ̀. Ní ọdún 1988, onímọ̀ mẹ́ta ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, gbé àbá kan jáde tí wọ́n pè ní RAID. Lákòókò náà, díìsìkì ńlá tí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ìjọba ń lò, irú IBM 3380, ń gba nǹkan bí 7,500 megabyte. Díìsìkì kékeré inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń gba 100. Wọ́n ní kí a kó 75 nínú kékeré jọ kó máa ṣe iṣẹ́ ńlá kan: owó yóò dín, iná tí yóò máa jẹ yóò dín, iṣẹ́ yóò sì yá. Wọn kò fi ewu ibẹ̀ pamọ́. Bí díìsìkì kan bá lè ṣiṣẹ́ fún 30,000 wákàtí ní ìpíndọ́gba kó tó kú, 100 irú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò máa rí òkú kan láàárín 300 wákàtí, èyí tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi díìsìkì àfikún kún un, kí ohun tó bá sọnù lára ọ̀kan lè rí orísun mìíràn. Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fò kọjá ni pé, nínú ìṣirò tí wọ́n fi fi hàn pé àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ láyé, wọ́n gbà pé wákàtí 1 péré ni yóò gbà láti pààrọ̀ díìsìkì tó kú. Orí wákàtí 1 yẹn ni gbogbo ìlérí náà dúró lé.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀ nínú RAID. Nínú èkíní, ohun tí a bá kọ sórí díìsìkì kan ni ẹ̀rọ ń kọ sórí èkejì lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń kọ lẹ́jà méjì pa pọ̀. Èkejì gba ọgbọ́n díẹ̀, èsúsú sì lè là á yé wa: bí ẹni mẹ́ta bá dá 7, 5 àti 4, tí ẹni kẹrin sì kọ àròpọ̀ 16 sílẹ̀, ìwé ẹni tó dá 5 lè sọnù, ìwé àwọn méjì tó kù àti àròpọ̀ yẹn yóò mú 5 padà wá. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe yàtọ̀ sí àròpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Kìkì pé ìwé méjì kò gbọdọ̀ sọnù pọ̀. Bí díìsìkì bá kú nínú irú àkójọ yìí, kì í sábà pariwo. Lójú sáfà tí díìsìkì mẹ́rin wà, iná aláwọ̀ ewé mẹ́rin ń ṣẹ́jú, ọ̀kan a yí padà di àwọ̀ ọsàn, ó parí. Akọ̀wé tó ń tẹ ìwé owó oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣírò ohun tó sọnù fún un bó ṣe ń béèrè. Bóyá ó kàn ń falẹ̀ díẹ̀. Ẹnjiníà tó bá wá ṣe é yóò kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara díìsìkì náà lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó bá fi àṣìṣe yọ èyí tó sàn nígbà tí ọ̀kan ti kú lè tipa bẹ́ẹ̀ pa gbogbo àkójọ náà. Yóò fà á síwájú díẹ̀, yóò dúró kí àwo inú rẹ̀ dẹ́kun yíyí, kó tó fà á jáde tán, kó ti tuntun bọ ojú ihò. Àtúnkọ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tó wà lórí àwọn tó ṣẹ́kù láti orí dé ìdí. Díìsìkì òde òní tó gba 20 terabyte, tó sì ń kọ 200 megabyte ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lo nǹkan bíi wákàtí 28 bí kò bá tilẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Wákàtí 1 ti di ọjọ́ kan ó lé lójú wa. Àárín àkókò yẹn gan-an ni àwọn díìsìkì tó ṣẹ́kù ń ṣe iṣẹ́ tó le jù lọ láyé wọn.

Kí òyìnbó tó dé, Ìsàlẹ̀ Èkó ti ní ètò tirẹ̀. Ìmọ̀ nípa ìlú kò sí nínú ilé kan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè Ìdéjọ. Ti yíyan ọba àti fífi í jẹ wà lọ́wọ́ Àkárígbẹ̀rẹ̀, tí Ẹlẹ́tù Òdìbò jẹ́ olórí wọn. Ti Ifá àti òògùn wà lọ́wọ́ Ògàlàdé. Ti ogun lọ́wọ́ Àbàgbọ́n. Bí ìjòyè bá wàjà, ìdílé kan náà ni yóò fa ẹlòmíràn kalẹ̀, yóò sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni àná mọ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ìrọ́pò jẹ́ ara ètò náà láti ìpìlẹ̀. Oyè tó ṣófo ń dun ìlú, àwọn tó kù á máa béèrè ìgbà tí wọn yóò fi ẹlòmíràn sí i. Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ àwọn àgbà sàn ju ìwé lọ, kí ni a wá ń fi díìsìkì ṣe? Mo gbà pé ó sàn ju ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí kọ̀ǹpútà náà ní: bí ẹ̀dà méjì bá ta ko ara wọn, kò sí èyí tó lè fi ara rẹ̀ hàn pé òun ni òótọ́. Díìsìkì méjì tó yẹ kó bára mu, tí ọ̀kan ní 5 tí èkejì ní 6, ẹ̀rọ mọ̀ pé wọn ò bára mu, kò mọ èyí tó purọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ Èkó kún fún irú èyí, ìdílé méjì a dúró níwájú adájọ́, oníkálukú pẹ̀lú ìtàn baba ńlá rẹ̀ tó gún régé, ìtàn méjèèjì ò sì lè jọ jẹ́ òótọ́. Ó di dandan kí ẹlẹ́rìí kẹta wà, ìwé sì ni ẹlẹ́rìí náà sábà ń jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó tètè mọ èyí ni John Augustus Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ẹjọ́ wà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti àwọn ọdún 1870 ló ti ń tẹ ìwé ọdọọdún kan jáde tó kó ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, orúkọ àwọn aláṣẹ àti ìtàn ìlú jọ, ní ọdún 1893 ó sì tẹ ìwé kan lórí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì nínú ìtàn Yorùbá. Ìwé tí a bá tẹ̀ a máa fọ́n ká, ọ̀kan á wà ní Olówógbówó, òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn oníwèé ìròyìn náà ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, ìtàn àròsọ tó kọ bíi lẹ́tà, jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń tà. Ìwé tó fi wọ́n ṣe lẹ́yìn náà àti ìwé ìròyìn tí àwọn ènìyàn kó pamọ́ ló jẹ́ kí Karin Barber lè tún un tẹ̀ ní ọdún 2012. Ẹni tó bá fẹ́ jà fún iye ẹ̀dà yóò sọ pé ẹ wò ó, pípọ̀ ló gbà á là. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Àwọn ìtẹ̀jáde ìwé ìròyìn Èkó kan wà tí a tẹ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún tí a kò rí níbì kankan lónìí, nítorí pé ẹni tó rà á gbà pé ẹlòmíràn yóò tọ́jú tirẹ̀. Ìdúmọ̀tà tún ìtàn náà sọ lójú wa. Kenneth Nnebue, tó gbé fídíò Ajé Ni Ìyá Mi jáde ní 1989 àti Living in Bondage ní 1992, wà lára àwọn tó sọ káṣẹ́ẹ̀tì fídíò di ọjà tó ń tà wìtìwìtì, àdúgbò náà sì da irú káṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sí gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà ló ti pàdánù káṣẹ́ẹ̀tì ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà nínú ilé àwọn ènìyàn ń hu olú pa pọ̀, ní iyàrá kan náà, láìsí ẹni tó ń kà wọ́n.

Ìtàn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí yọ jù lọ ni ti ìwé tí gbogbo wa ń pè ní ti Johnson. Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n gba ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pòórá. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn tó kàwé ní Edinburgh tó sì ń gbé Èkó, dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé náà ní 1900. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé ìwé náà ti ṣì lọ, wọn kò rí i, wọ́n á sanwó rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Samuel kú. Ẹ wo ibi tí nǹkan wá dúró sí. Ìwé pípé ti lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí ti lọ, ohun tó kù ni àkọsílẹ̀ kéékèèké àti ìwé àkọ́kọ́ tí kò tíì dán, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà bọ̀. Ó ṣeé tún kọ láti inú wọn, bí ẹ̀rọ ṣe ń tún díìsìkì kọ láti inú àwọn tó ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n nǹkan kan sí i kò tún gbọdọ̀ sọnù. Obadiah fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún òun kò lè dáwọ́ lé e: ìbànújẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń dẹ́rù bà á. Àlàfo tí mò ń sọ nìyẹn, ó gùn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kò sí iná tó ṣẹ́yọ nílé rẹ̀ láàárín náà. A kì í ka ìyẹn mọ́ ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wá tún un kọ tán, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1916 nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe mú Appam lórí òkun, àwọn ará Èkó rò pé ó ti rì, kó tó yọ ní Amẹ́ríkà. Ó tó ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé, bébà ti wọ́n gógó, wọ́n tún ní kó dúró. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, Obadiah sì ti kú ní 1920. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí yangàn pé ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ kò ní sọnù. Mo rí i bí ohun mìíràn. Ìwé kan tó jẹ́ òpómúléró ìtàn ìran kan wà fún ogún ọdún ó lé ní ipò tí àṣìṣe kan ṣoṣo ti lè pa á rẹ́, kìkì nítorí pé ní 1899 a fi ìwé pípé ránṣẹ́ láìkọ́kọ́ da á kọ. Ohun tí Obadiah ṣe tó yẹ ká kọ́ ni pé ó mọ̀ pé ó ti sọnù, láti 1900. Kò jókòó sí Èkó máa retí ìdáhùn, ó lọ kanlẹ̀kùn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àtúnkọ pẹ́, ìròyìn ikú kò pẹ́ dé etí ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i.

Ọ̀nà kejì tí àlàfo fi ń pani ni kí gbogbo ẹ̀dà wà nínú ilé kan. Ilé alájà 32 tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè sí ilẹ̀ òkèèrè kọ́ sí Mẹ́rínà parí ní 1979, òun ló ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà. Iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 1983, ètò ìpè sí òkè òkun orílẹ̀-èdè náà sì dàrú. Àwọn ará ìgboro fura pé ẹnì kan fẹ́ sun ìwé ìṣirò owó ni. Bí ìfura náà ṣe rí kò kàn wá níbí. Ohun tó kàn wá ni pé ilé kan ṣoṣo tó láti mú irú ìfura bẹ́ẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, lọ́jọ́ kejì tí àwọn ológun yìnbọn sí àwọn olùwọ́de ní Lẹ́kí, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga Ìgbòṣeré. Ẹjọ́ tó ń lọ lọ́wọ́ lè padà bọ̀ sípò lọ́nà kan: agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ ní ẹ̀dà, ti olùjẹ́jọ́ ní tirẹ̀, a lè kó wọn jọ kí ilé ẹjọ́ tún fáìlì rẹ̀ tò. Ẹjọ́ tó ti parí láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní agbẹjọ́rò kankan tó ṣì ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi èyí wé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Amodu Tijani, ìjòyè Èkó tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, gbé ìjọba dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó jàre ní 1921. Nítorí pé ó kọjá òkun, ìdájọ́ náà wà nínú ìwé òfin lágbàáyé, iná Ìgbòṣeré kò lè kàn án. Ìwé Macaulay fúnra rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé yunifásítì Ìbàdàn. Fáìlì Sẹkitéríàtì ìjọba amúnisìn tó wà l'Ékòó rí náà, Ìbàdàn ni à ń wá a lọ, láti ìgbà tí Kenneth Dike ti dá ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba sílẹ̀ ní 1954. Ká má tan ara wa ṣá: ṣíṣí nípò yàtọ̀ sí ṣíṣe ẹ̀dà. Fáìlì tó kúrò ní Mẹ́rínà lọ sí Ìbàdàn ṣì jẹ́ ọ̀kan náà, ikán Ìbàdàn náà ní ẹnu.

Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé RAID kì í ṣe ìpamọ́, Ìgbòṣeré sì jẹ́ kó yé wa. Díìsìkì mẹ́rin tó wà nínú àpótí kan yóò jóná pọ̀. Akọ̀wé tó bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa á rẹ́ lórí gbogbo wọn kó tó ṣẹ́jú, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí wọ́n bára mu. RAID wà fún ikú díìsìkì kan, kí iṣẹ́ má dúró. Ẹ̀dà tí yóò gbani lọ́wọ́ iná, olè àti àṣìṣe gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, kó sì gbé ọjọ́ àná dání.

Ẹni tó bá ti gbọ́ dé ibí yóò fẹ́ dá mi lóhùn pé ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, pé nǹkan wa ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí, àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun ló ń pààrọ̀ díìsìkì tiwọn, ká sinmi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ díìsìkì tọ̀sán tòru níbẹ̀ pọ̀ ju ti iléeṣẹ́ kékeré kan ní Bróòdù Sítíríìtì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà débẹ̀ náà nílò ẹ̀dà. Ní 1886 tí wáyà abẹ́ òkun kọ́kọ́ gbé tẹ́lígíráàfù dé Èkó, ọ̀kan ni. Ní oṣù keje ọdún 2009, wáyà abẹ́ òkun SAT-3 bàjẹ́ lẹ́bàá orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n sì sọ nígbà náà pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ló lọ. A wá ní púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn: MainOne àti Glo-1 ní 2010, WACS, ACE. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú wọn, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, já nítòsí Abidjan lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ báńkì l'Ékòó sì dàrú. Wọ́n fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. A ní àìrìnpọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Ìrìnpọ̀ ló jẹ okùn mẹ́rin wọ̀nyẹn níyà. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ àtúnṣe tó so wọ́n padà, wáyà Equiano, tó dé etíkun Èkó ní 2022 tí ọ̀nà rẹ̀ sì jìnnà sí tiwọn, ló gbé púpọ̀ nínú ẹrù wọn.

Àtakò kejì ni pé ẹ̀rọ òde òní mọ ara rẹ̀, pé díìsìkì yóò kìlọ̀ kó tó kú. Ó ń kìlọ̀ nígbà mìíràn. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ Google gbé àyẹ̀wò díìsìkì tó ju 100,000 lọ jáde; nínú àwọn tó kú, èyí tó ju ìdajì lọ kò fi ìkankan hàn nínú àmì ìkìlọ̀ mẹ́rin tó lágbára jù. Ẹni tó bá dúró de ìkìlọ̀ yóò pàdánù ìdajì. Ó tún burú sí i bí a bá ra díìsìkì mẹ́rin lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ kan wá, tí wọ́n jọ wà nínú ooru yàrá kan, tí wọ́n jọ fara gba ìjáwọ́ iná àti ìrọ́lù jẹnẹrétọ̀ ìgbà gbogbo. Ọjọ́ orí wọn bára dọ́gba, ikú wọn lè súnmọ́ra. Bátìrì kékeré kan tilẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ RAID, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ohun tí kò tíì délẹ̀ sórí díìsìkì mú bí iná bá lọ lójijì. Bátìrì náà ń kú. Òun sì ni wọ́n ń gbàgbé jù.

Ìgbà tí a bá sọ pé kí wọ́n ra díìsìkì àfikún kalẹ̀, ẹni tó di owó mú yóò béèrè ìdí tí ohun tí a kò tíì nílò yóò fi jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu, n kò fi ṣẹ̀sín. Owó díìsìkì sábà máa ń wálẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, èyí tí a rà kalẹ̀ lè di ọjà tó gbówó lórí lásán. Ìdáhùn wà nínú àlàfo. Irú díìsìkì tí a fi bẹ̀rẹ̀ àkójọ kan lè má sí lọ́jà mọ́ ní ọdún márùn-ún. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbéèrè owó, ìwé a lọ láti tábìlì dé tábìlì, sáfà ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ara rẹ̀ dá, nítorí náà kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń yára. Oṣù kan lè kọjá. Àwọn ará Berkeley fi wákàtí 1 ṣe ìṣirò.

Bó bá wá kan wọn gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n á sáré lọ sí Òtìgbà ní Ìkẹjà, níbi tí díìsìkì tókúnbọ̀ pọ̀ sí. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Kì í ṣe ohun tó burú fúnra rẹ̀. Díìsìkì ń kọ iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ sí inú ara rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè mọ ọjọ́ orí ohun tó fẹ́ rà, kó sì fi èyí tó ṣì lágbára sí i títí tuntun yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn tó ra díìsìkì ní Jámánì àti láwọn ilẹ̀ mìíràn gẹ́gẹ́ bí tuntun rí i pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí kó tó dé ọwọ́ àwọn, pé ẹnì kan ti yí iye wákàtí náà padà sí òfo. Àkọsílẹ̀ kejì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi pamọ́ sínú díìsìkì kan náà, èyí tí àwọn oníjìbìtì kò pa rẹ́, ló tú wọn fó.